Ẹni Mẹ́rin Kì í Ṣe Òfo

Nígbà tí wọ́n ní kí a kọ̀wé nípa ẹ̀kọ́ tí a kò gbàgbé, kì í ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì ni ó kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ àlùfáà ni Olúwa fi ṣe ìpín wa. Ẹ̀kọ́ ìṣirò kan ni, ní ọdún 1975.

Olùkọ́ wa ń kọ́ wa bí a ti ń sún iye mọ́ mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún tàbí ẹgbẹ̀rún tí ó súnmọ́ ọn jù. Bí ẹyọ bá jẹ́ 1 sí 4, a ó padà sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ 5 sí 9, a ó lọ síwájú. Nígbà tí ó rí i pé kò yé wa, ó ní kí a kà bí àwọn ìyá wa ti ń ka ọsàn lọ́jà Èjìgbò. Nígbà tí a dé ẹ̀rìnlélógún, àrùndínlọ́gbọ̀n, ó dá wa dúró. Ó ní, “Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ẹ wí? Ní 24, ogún ni ẹ ṣì ń wò. Ní 25, ẹ ti kọjú sí ọgbọ̀n. Àwọn baba yín mọ òfin yìí kí a tó bí yín. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi èyí tí ó dín pamọ́.”

Ó wá fún wa ní 2,447 kí a sún un mọ́ ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ sún un mọ́ mẹ́wàá, ó di 2,450. A tún sún èyí náà, ó di 2,500. Ó fagi lé e. Nọ́mbà tí ó wà ní ipò mẹ́wàá nínú iye àkọ́kọ́ ni ó yẹ kí a wò. 4 ni, nítorí náà 2,400 ni ìdáhùn. Ó ní bí a bá ń sún ohun tí a ti sún, irọ́ yóò máa gorí irọ́.

A jáde, a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ní Ògbómọ̀ṣọ́, a sì gbàgbé. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọ́n fi wá ṣe akọ̀wé àwọn ìjọ kan ní agbègbè Èjìgbò. Kí ìròyìn ọdún lè dùn ún wò, a sún iye ọmọ ìjọ kọ̀ọ̀kan mọ́ mẹ́wàá. Ìjọ tí ó ní 47 di 50. Inú wọn dùn. Ìjọ abúlé kan ní ènìyàn mẹ́rin péré, nítorí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ti lọ sí Abidjan bí ọ̀pọ̀ ará Èjìgbò. Mẹ́rin padà sí òfo, òfo náà ni a sì tẹ̀ sínú ìwé.

Nígbà tí a kà á sétí ìpàdé, ìyá àgbà kan láti abúlé náà dìde. Kò pariwo. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá Àlùfáà, àwa mẹ́rin ni a ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, tí a sì ń lu agogo rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi. Bí a bá jẹ́ òfo, ta ni ó ń lù ú?”

A kò rí èsì fọ̀. A tọrọ àforíjì níwájú gbogbo ènìyàn, a sì tún ìwé náà tẹ̀.

A kò sọ pé kí a má sún iye mọ́ ara wọn. Ẹni tí yóò se oúnjẹ àjọ̀dún fún 1,183 ènìyàn kò ṣìṣe bí ó bá sè é fún 1,200. Ohun tí a fẹ́ fi iye ṣe ni ó ń sọ ibi tí a ó dúró. Ṣùgbọ́n olùṣọ́-àgùntàn inú òwe Olúwa wa bá 99 nínú agbo. Ìbá sún un mọ́ ọgọ́rùn-ún, ìbá sì sùn láìmikàn. Ẹyọ ni ó kà. Ìdí nìyẹn tí ó fi jáde lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ẹ̀yin òbí, bí a ti ń ka ara wa ní àjọ̀dún yìí, ẹ jẹ́ kí a kà á dé orí ẹyọ: ẹni tí ó wà lókè òkun, ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, ọmọ tí ó wà lẹ́yìn ní kíláàsì. Kí Ẹni tí ó mọ iye irun orí wa bùkún ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àmín.