Ìlà Tó Hàn, Ìlà Tó Fara Sin

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ọsibítù bá jáde nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní UK, ilé máa ń pín sí méjì. Àwọn kan á ní ìdúró ni NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, máa fi pa èèyàn, pé nílé ní Nàìjíríà, bí owó bá ti wà lọ́wọ́ ẹni, dókítà àgbà á rí i lónìí, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lónìí, èsì á sì jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn yòókù á ní kí wọ́n yé ṣe aláìmoore, pé ta ló kọ bíìlì fún wọn lọ́jọ́ tí ìyàwó wọn bímọ níbí? Ariwo á sọ, alága á lu tábìlì, a ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí. Mo fẹ́ fa ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yìí, torí ó jọ pé ohun kan náà ni igun méjèèjì ń gbójú fò.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi owó bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948 tí Aneurin Bevan, mínísítà ìlera nínú ìjọba Attlee, ti ṣí NHS, owó orí ló ń gbé e ró jù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ń san tirẹ̀ kí owó oṣù tó dé báńkì. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ tún ń san òmíràn mọ́ físà: £200 lọ́dún ni nígbà tí wọ́n dá owó ìlera yẹn sílẹ̀ ní 2015, láti oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti di £1,035 fún àgbàlagbà àti £776 fún ọmọdé. Tọkọtaya tó fẹ́ fi físà iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta wá pẹ̀lú ọmọ méjì á san £10,866 kí wọ́n tó rí ẹnu ọ̀nà bàálù, àfi tó bá jẹ́ físà òṣìṣẹ́ ìlera, torí wọn kì í gbà á lọ́wọ́ àwọn yẹn. Ẹ fúnra yín ṣírò rẹ̀ sí náírà. Mi ò fẹ́ ba ọjọ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ẹni tó bá san irú owó bẹ́ẹ̀, tó wá bínú pé òun jókòó pẹ́ ní A&E, ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, kò ṣe aláìmoore rárá.

Ìdúró náà kì í sì í ṣe àsọdùn. Ìlérí NHS ní England ni pé nínú gbogbo 100 aláìsàn tó wà lórí ìlà ọ̀dọ̀ àwọn dókítà àgbà, kí 92 má ṣe dúró ju ọ̀sẹ̀ 18 lọ. Láti 2016 ni wọn ò ti mú un ṣẹ mọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, orúkọ tó wà lórí ìlà lé ní mílíọ̀nù 7.7, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan lè wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan nítorí ojú, lẹ́ẹ̀kan nítorí orúnkún.

Ọ̀nà aládàáni wà níbí náà. Bevan fúnra rẹ̀ ló fi àyè sílẹ̀ fún un: kí àwọn dókítà àgbà lè gbà láti wọ NHS, ó ní kí wọ́n ṣì máa tọ́jú aláìsàn tó ń sanwó, kódà nínú ọsibítù ìjọba. Ìdí nìyẹn tí dókítà tí wọ́n ní ẹ máa rí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù fi lè jẹ́ ẹni yẹn gan-an tó máa rí yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ tí ẹ bá mú káàdì báńkì jáde. Pípààrọ̀ egungun ìbàdí máa ń kọjá £12,000. Àkókò ni wọ́n ń fi owó yẹn rà, kì í ṣe ọgbọ́n dókítà. Tí nǹkan bá sì dàrú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ambúláǹsì sábà máa ń gbé aláìsàn padà sọ́dọ̀ NHS ni, torí púpọ̀ nínú ọsibítù aládàáni ilẹ̀ yìí kò ní A&E. Ẹni tí àyà bá ń dùn láago méjì òru, nọ́ńbà 999 ló ń tẹ̀, ì báà jẹ́ olówó ì báà jẹ́ tálákà.

Ohun kan wà tí mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbọ́: ní England, tí GP, dókítà àdúgbò yín, bá fẹ́ fi yín ránṣẹ́ sí dókítà àgbà, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ọsibítù, títí kan aládàáni tó ń bá NHS ṣiṣẹ́, kí NHS sì sanwó rẹ̀. Ìlà ìlú kejì lè kúrú ju ti àdúgbò yín lọ dáadáa. Ẹ béèrè. Ẹni tó bá sì ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti òmíràn lóṣooṣù ní £9.90 fún oògùn kọ̀ọ̀kan, tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún, ìwé ìsanṣáájú ọlọ́dún kan wà ní £114.50 tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Àwọn àgbà wa ni ìlà yìí ń dùn mí fún jù. Dókítà á béèrè pé báwo ni ara, wọ́n á ní àwọn ń dúpẹ́. Ọmọlúàbí ni wọ́n fi ń dáhùn, ṣùgbọ́n ohun tí dókítà ń kọ sílẹ̀ ni pé ìrora náà kò le, ìyẹn sì tó láti fi wọ́n sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà lẹ́tà á dé, wọ́n á fi há abẹ́ Bíbélì tàbí Kùránì lórí tábìlì títí ọmọ á fi wá kà á, ọjọ́ tí wọ́n dá á ti kọjá, wọ́n á sì ti yọ orúkọ wọn kúrò. Ẹ máa bá wọn lọ. Ẹ sọ fún dókítà pé bàbá kò lè gun àtẹ̀gùn ilé mọ́, pé orí àga ni wọ́n ń sùn.

Nílé ńkọ́? Òótọ́ ni pé ní ọsibítù aládàáni tó dáa ní Ìkẹjà tàbí ní Bódìjà, aláìsàn lè wọlé láàárọ̀ kó sì ti rí dókítà kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ló ti wà lọ́nà? Ìyá tó ń ta ata lọ́jà, tó fọwọ́ kan kókó nínú ọmú rẹ̀, kì í gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ yẹn. Á kọ́kọ́ dákẹ́. Á lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n á ta oògùn ara ríro fún un. Aládùúgbò á mú un lọ sọ́dọ̀ alágbo. Wòlíì á ní kó gbààwẹ̀. Á máa retí kí àjọ kàn án, kí owó ilé-ìwé ọmọ-ọmọ kọjá ná, kí ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù rántí ilé. Lọ́jọ́ tó bá wá jókòó níwájú dókítà, a ó ní kò dúró rárá: ó dé láago mẹ́sàn-án, wọ́n rí i láago mẹ́wàá. Oṣù tó fi dúró nínú ilé ńkọ́? Kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí. Kò sí mínísítà tí wọ́n á dá dúró ní ilé aṣòfin láti bi í. Ìlà tí igun méjèèjì ń gbójú fò nìyí. Owó kò tú ìlà náà ká. Ó kàn gbé e kúrò ní ọsibítù lọ sínú yàrá aláìsàn ni.

Ẹ má sì jẹ́ ká rò pé ọsibítù ìjọba nílé ni NHS tiwọn. Láti orí káàdì dé orí ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́, aláìsàn ló ń rà á. Ẹ̀jẹ̀ náà, ẹbí ló ń wá a. Nínú gbogbo 100 náírà tí Nàìjíríà ń ná lórí ìlera, nǹkan bí 70 ló ń ti àpò ará ìlú jáde. Ní Àbújá ní 2001, àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí pé ìdá 15 nínú 100 ìṣúná wọn á máa lọ sí ìlera. Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò kò tíì débẹ̀. Àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ láti di dókítà àgbà daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 63 ní 2021, àwọn tó sì lówó gba ọ̀dọ̀ aládàáni lọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ oògùn GSK kéde ní 2023 pé àwọn ń kó kúrò ní Nàìjíríà, iye tí wọ́n ń ta oògùn ikọ́ fée fò sókè débi pé ẹlòmíràn ń pín in lò. Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ wa á rántí pé ìlera ọ̀fẹ́ wà nínú ètò mẹ́rin tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ti Awólọ́wọ̀ gbé wá ní 1979. Ẹ bi wọ́n léèrè lẹ́yìn ìpàdé. Àwọn kan rí i fojú ara wọn.

Ta ló wá ń dá ìlà inú ilé yẹn dúró, tàbí tó ń sún un? Àwa ni. Ìpè láago kan òru, ohùn àbúrò, orúkọ ọsibítù, lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà àkáǹtì: wọ́n ní wọn ò ní fọwọ́ kàn án láìsí dípọ́síìtì. A ti san ti NHS nínú owó oṣù, a tún ń san ti aládàáni nílé, a sì ń san án ní ìgbà tó wọ́n jù, nígbà tí àìsàn ti wọra. Tí ẹ bá ní kí n yan, ìlà tí wọ́n ń kà ni mo máa yàn, pẹ̀lú gbogbo ìbínú mi sí i, nítorí èèyàn lè fi iye rẹ̀ bá ìjọba jà.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí àpò ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ yí ọwọ́ padà, kó máa san owó ìdójútòfò fún àwọn òbí wa kí àìsàn tó dé. Òfin ìdójútòfò ìlera tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní Nàìjíríà ní 2022 ní kí gbogbo ará ìlú wà nínú ètò kan. Èkó ní Ìlera Èkó, Ọ̀yọ́ ní OYSHIA, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù nílẹ̀ Yorùbá ní tiwọn, àwọn HMO kan, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìdójútòfò ìlera, sì ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó wà lókè òkun lórúkọ òbí. Kò ní san gbogbo nǹkan. Ṣùgbọ́n ìyá tó mọ̀ pé wọ́n ti san tòun lè lọ fi kókó yẹn han dókítà lọ́sẹ̀ tó rí i, láì kọ́kọ́ wá ẹni tó máa pè. Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè ọsibítù tó wà lórí ìwé wọn, kí ẹ sì ní kí ẹnì kan nílé fi ẹsẹ̀ dé ibẹ̀ wò ó. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, bóyá oògùn àtọ̀gbẹ àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú rẹ̀, àti iye ọ̀sẹ̀ tí wọ́n á fi dúró kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.