Igi Náà Ń Da Ìdọ̀tí Nù

Ní tọ́ọ̀mù yìí, wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì pé gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ló ń da ìdọ̀tí ara rẹ̀ nù. Àwa ń tọ̀, à ń làágùn, à ń mí síta. Ẹnì kan wá béèrè pé, igi ńkọ́? Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìbéèrè gidi ni o. Igi ò ní kíndìnrín, kò sì lè rìn lọ sí ṣáláńgá.

Ihò kéékèèké wà lára ewé tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ohun tí kò bá lè gba ibẹ̀, igi á kó o pamọ́ sínú èèpo, tàbí sínú ewé tó ti gbó. Tí ewé bá já bọ́, ìdọ̀tí bá a lọ nìyẹn. Ewé tá à ń gbá láràárọ̀ lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì, àpò ìdọ̀tí igi ni. (Ẹ bá wa sọ fáwọn sínọ̀ pé iṣẹ́ ńlá là ń ṣe.) Kókò ní tirẹ̀ lára: ohun wínníwínní bí abẹ́rẹ́ ló ń yún wa lọ́fun tí kò bá jinná. Ìrókò a máa sọ tirẹ̀ di òkúta nínú igi, àwọn tó ń la pákó mọ̀ ọ́n, torí ó ń ba ayùn wọn jẹ́.

Rọ́bà ló kàn mí jù. Bàbá mi ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́nà Sapele níbí, ibẹ̀ lowó iléèwé mi ti ń wá. Ìwé wa ka oje rọ́bà mọ́ ìdọ̀tí igi. Ìdájí ni wọ́n ń gé èèpo rẹ̀, kí oòrùn tó mú, torí ìgbà yẹn ni oje ń sàn dáadáa. Bó bá ti dì sínú ife, kòkòrò àìfojúrí á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ohun tó wà nínú ẹ̀, á wá máa rùn. Ha, òórùn ẹ̀! Lọ́jọ́ táwọn òbí wá wò wá, bàbá mi ti ibi iṣẹ́ wá tààrà. Àwọn ọmọ kan dimú. Bàbá mi rí wọn, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n pín búrẹ́dì fún wọn. Mo pín in, àmọ́ èmi ò lè jẹ.

Nígbà tá a wá dórí ẹ̀ ní kíláàsì, mo dìde, mo ní oje yẹn wà lára táyà ọkọ̀ tó gbé àwọn òbí yín wá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ṣé ìdọ̀tí tiẹ̀ ni lóòótọ́? Olùkọ́ wa ní àwọn onímọ̀ kan sọ pé oje náà ló ń dí ojú ọgbẹ́ igi, tó sì ń lẹ kòkòrò lẹ́nu pọ̀. Bàbá mi náà sọ pé àwọn kan ń gé igi wọn lójoojúmọ́ torí owó, tí igi náà á wá gbẹ, tí kò ní mú oje wá mọ́. Tó bá jẹ́ ìdọ̀tí lásán ni, kí ló dé tí igi ń ṣàìsàn tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ jù?

Ilé ìwádìí rọ́bà wà ní Iyanomo, kò jìnnà sí wa. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó wà ní Ìbàdàn ló dá a sílẹ̀ ní 1961, nígbà tí Benin ṣì wà lábẹ́ wọn. Tí wọ́n bá gbà kí ẹgbẹ́ wa lọ síbẹ̀, èmi ni màá kọ́kọ́ nawọ́. Mo ti kọ ìbéèrè mi sílẹ̀.