Ẹni Tó Bá Pa Abo Awó Lákòókò Òjò, Ọjà Ọ̀la Ló Pa

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀gbọ́n wa oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ ẹran ìgbẹ́ ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má sì sọ pé kò kàn yín. Ẹni tó ń tà á ń bẹ láàrin yín, ẹni tó ń rà á ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tí kò tà tí kò sì rà, bí wọ́n bá bù ú fún un níbi ìkómọjáde, kì í dá àwo padà.

Awó ni mo fẹ́ sọ, ẹyẹ tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹtù. Ara rẹ̀ dúdú, ó wá ní tótòtó funfun káàkiri bí ẹni pé wọ́n ta ẹfun sí i lára. Orí rẹ̀ pá, ìwo kékeré kan sì wà lórí náà. Tòlótòló tí ẹ ń rà nígbà Kérésìmesì, Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti wá. Ṣùgbọ́n awó, ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni ilé baba rẹ̀.

Obìnrin kan tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lójú títì ní Òkè-Ògùn ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ òwò, bí òun bá bẹ ọdẹ ní awó mẹ́wàá, mẹ́wàá ni yóò gbé wá. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, ọdẹ tó bá rí méjì mú wá, ńṣe ni yóò máa yan bí ẹni tó pa ẹfọ̀n. Ó wá bi mí pé, "Ìwọ akọ̀ròyìn, kí ló dé?" Mo ní ẹni tó ń pa á ló lè dáhùn. Bí mo ṣe di èrò abúlé kan lẹ́bàá Ìgbòho nìyẹn, nínú oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ti rọ̀ dáadáa tí àgbàdo sì ti ga dé orúnkún.

Bàbá ọdẹ tí mo lọ bá ti ju ẹni ọgọ́ta ọdún lọ. Kí ẹ tó gbọ́ ohun tó ṣe, ẹ gbọ́ èyí ná: ó ti gba owó àsansílẹ̀ awó méjì lọ́wọ́ obìnrin tí mo sọ yẹn, nítorí ìkómọ kan tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Owó náà kò sì sí nílé mọ́. Ó ti fi san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀.

Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ló kanlẹ̀kùn yàrá tí mo sùn sí. "Akọ̀wé, dìde. Awó kì í dúró de ẹni tó ń bọ́jú." Ó fún mi ní gbérí ògbólógbòó kan kí n wọ̀ ọ́, ó ní ẹ̀wù funfun kò sí fún ìdí ẹran. Ìbọn ṣakabùlà ló gbé kọ́ èjìká, ó fi ọ̀rá wé ibi tí iná ti ń mú, kí ìrì má baà rin ẹ̀tù. Ó ní ẹ̀tù tó bá tutù kì í dún, ìbọn tí kò bá sì dún, igi ìdáná ni.

Ibùba tí a wọ̀ kò ga ju ẹni tó jókòó lọ. Ẹ̀ka igi emi ni wọ́n fi ṣe òpó rẹ̀, wọ́n fi koríko bẹẹrẹ bò ó yíká, wọ́n sì dá ojú mẹ́ta sí i níbi tí ẹnu ìbọn lè gbà yọ. Oko àgbàdo Bàbá ló wà níwájú. Ní ìparí oko ni igi ayìn ńlá kan wà, lórí rẹ̀ ni àwọn awó ń sùn, nítorí awó kì í sùn nílẹ̀ lóru bí kò bá ní ẹyin tàbí ọmọ kéékèèké lábẹ́. A jókòó, a ò sọ̀rọ̀. Ẹ̀fọn ń jẹ mí, mo kàn ń wò ó ni. Bàbá ti kìlọ̀ pé bí mo bá fi lè gbá ẹ̀fọn kan pẹ́nrẹ́n, kí á máa lọ sílé, nítorí ojú awó mú ju ojú ọlọ́pàá lọ.

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bọ̀ ni ariwo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà igi yẹn. Ká-ká-ká-ká, bí kẹ̀kẹ́ tí kò rí òróró. Bàbá fẹnu kò mí létí: "Èyí, akọ ń ké e, abo náà ń ké e. Dúró ná." Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ òmíràn tó já sí ọ̀nà méjì, tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì parí sókè: kọ-kẹ́! kọ-kẹ́! Bàbá na ìka kan sókè. "Abo nìyẹn. Akọ kì í ké èyí láéláé."

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Bí ẹ bá to akọ awó àti abo awó sójú kan, ẹ ò ní tètè mọ ìyàtọ̀. Ìwo akọ lè tóbi díẹ̀, ohun pupa tó rọ̀ sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà lè tóbi díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ wọ̀n ọ́n nínú igbó? Etí ni ọdẹ gidi fi ń mọ̀ ọ́n. Ọdẹ tí kò bá ní sùúrù láti gbọ́ ohùn kò mọ ẹni tó pa.

Àfi bí wọ́n ṣe yọ láti inú koríko. Méjì ni wọ́n, wọ́n ń rìn kẹ́sẹ́kẹ́sẹ́ bọ̀ lójú ebè. Wọn ò ju ìṣísẹ̀ ogún lọ sí wa. Ọ̀kan gun orí ebè, ó na ọrùn, ó ń wo ọ̀tún wo òsì. Èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. Bàbá ti gbé ìbọn sí èjìká, ìka rẹ̀ ti wà níbi tí wọ́n ń fà. Àyà mi ń lù kì-kì-kì. Lọ́kàn mi, mo ní owó àsansílẹ̀ ti dé: awó méjì ni wọ́n bẹ̀, awó méjì ló dúró yìí.

Kò sí atẹ́gùn, ṣùgbọ́n koríko ẹ̀yìn wọn ń mì. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ tú jáde. Wọn ò tóbi ju ọmọ adìẹ ọlọ́sẹ̀ kan lọ, ara wọn pupa rúsúrúsú pẹ̀lú ilà dúdú. Mo ka mẹ́jọ. Èyí tó ń walẹ̀ kan ikán, ó pè wọ́n, wọ́n sì sáré bò ó bí ọmọ ilé-ìwé tó rí olóúnjẹ. Èyí tó wà lórí ebè kò jẹ nǹkan kan. Ó ń ṣọ́ wọn ni.

Bàbá rọra sọ ìbọn kalẹ̀.

Wọ́n jẹ̀ títí, wọ́n kọjá lọ. A tún jókòó títí oòrùn fi mú wa lórí, bóyá a óò rí akọ kan tó ń dá rìn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó yọjú. Ọwọ́ òfo la gbé kúrò lóko.

Lọ́nà ilé, Bàbá ní, "Akọ̀wé, mo rí i pé ojú rẹ ń béèrè. Bí mo bá pa ìyá wọn, ta ni yóò wa ikán fún wọn? Bí mo bá pa baba wọn, àṣá ló máa kó wọn. Ọta kan ni mo yìn, ẹyẹ mẹ́wàá ni mo pa yẹn. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, èmi náà ń yìnbọn nígbà òjò. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Igbó ló bá mi wí: ó dákẹ́. Àárọ̀ ń mọ́, a ò gbọ́ igbe awó mọ́."

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe rí lójú títì. Obìnrin oníṣòwò yẹn ti ń dúró. Nígbà tó rí ọwọ́ òfo, ó ní, "Bàbá, àlàyé ni n ó fi se ọbẹ̀ fún oníkòmọ ni? Èmi náà ti gba owó wọn o!" Òdodo ló sọ. Bàbá bẹ̀ ẹ́ pé kó dá òun di ọjọ́ ọjà. Ó pòṣé. Ìyàwó Bàbá ló wá tú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó ka ìdajì owó náà lé obìnrin yẹn lọ́wọ́, owó tó yẹ kó fi ra ẹ̀wà tí yóò fi ṣe àkàrà tà. Kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ó kàn ní, "Bàbá, ẹyẹ tí ẹ fi sílẹ̀ yẹn, kó rántí mi o."

Ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹni tó dá ẹran sí pàdánù lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá dá a sí, owó ni yóò kà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Bí ọdẹ kan bá dá awó sí tí mẹ́rin mìíràn ń yìnbọn, kí lèrè rẹ̀? Idí nìyí tí mi ò fi lè di gbogbo ẹrù yìí ru ọdẹ nìkan. Ẹni tó jẹ owó àsansílẹ̀ kò lè yan ẹran. Ọwọ́ ẹni tó ń san owó náà ni ìkáwọ́ ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin ìyá mi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò bí ọlọ́jà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, awó ń kó ara wọn jọ lọ́pọ̀lọpọ̀, wọn ò ní ẹyin, ọmọ wọn sì ti dàgbà. Nígbà òjò, wọ́n á pín ní méjì-méjì, abo á wa ihò sínú koríko nílẹ̀ẹ́lẹ̀, á yé ẹyin bíi mẹ́fà sí méjìlá, á sì sàba lé wọn fún ọjọ́ 26 sí 28. Èyí tí ẹ pa ní oṣù kọkànlá, ẹyẹ kan ni ẹ pa. Èyí tí ẹ pa ní oṣù kẹfà, odindi ìsọ̀ ọdún tó ń bọ̀ ni ẹ jó níná.

Kì í ṣe àwa nìkan lọ̀rọ̀ yìí bá. Ní Amẹ́ríkà, tòlótòló inú igbó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, nítorí ìbọn àti nítorí igbó tí wọ́n gé. Lọ́dún 1937, wọ́n ṣe òfin pé owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ìbọn àti ọta, ẹran ìgbẹ́ ni kí wọ́n fi tọ́jú. Wọ́n ń mú tòlótòló láàyè níbi tó kù sí, wọ́n ń lọ tú u sílẹ̀ níbi tó ti tán. Lónìí, ó ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Tí ìgbà ìrúwé bá dé, àwọn ọdẹ wọn náà ń jókòó sínú ibùba láti ìdájí, wọ́n ń sín ohùn abo jẹ kí akọ lè wá. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀, akọ tó ní irùngbọ̀n láyà ni wọ́n ń pa nígbà náà, nítorí abo ń sàba lọ́wọ́. Àwa náà ní ọgbà ẹranko Old Oyo National Park, tí òfin ọdún 1991 fìdí rẹ̀ múlẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti dẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n oko àti ìgbẹ́ tó wà lẹ́yìn ọgbà, àwa ni ọlọ́pàá ara wa níbẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo wá bẹ̀. Èkíní, ẹ̀yin tí ẹ ń san àsansílẹ̀, ẹ má san ti awó láàrin oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá. Ẹ jẹ́ kí ọdẹ wá òkété, ewú tàbí ọ̀yà fún yín, ọwọ́ rẹ̀ á sì ríṣẹ́. Èkejì, ẹni tó bá ń ṣe ìkómọ nígbà òjò, adìẹ kò bàjẹ́ nínú ọbẹ̀. Ẹ̀kẹta, bí àwọn ọmọdé bá kó ẹyin awó wá láti inú igbó, ẹ kọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má kó o mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá ti kó dé, ẹ má sè é. Ẹ gbé e sábẹ́ adìẹ tó ń sàba. Ti adìẹ fúnra rẹ̀, ọjọ́ 21 ni. Ti awó yóò fi bí ọ̀sẹ̀ kan lé e, nítorí náà, ẹ fara balẹ̀, kí ẹ má lé adìẹ dìde. Àwọn ará òkè Ọya ń sin awó nílé lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n sì ń rí owó níbẹ̀. Kí ló dé tí àwa náà ò lè sìn ín?

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹyin ló ń di àkùkọ, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi.