Ọkùnrin Tí Ó Wo Sínágọ́gù Láti Orí Òkè: Ìrìn Wa Ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Bí ẹ bá wá sínágọ́gù láti Marina títí dé Ẹnu-Ọwá, ẹ kò ní rí ọ̀kan. Ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ níbẹ̀, mọ́ṣáláṣí pọ̀, Ìgà Ìdúngànràn sì wà láyè rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn Júù ni ó gbé wa dé Ìsàlẹ̀ Èkó lóṣù yìí. Ipa ẹsẹ̀ ọkùnrin kan ni a ń tọ̀, Ọ̀mọ̀wé Edward Wilmot Blyden.

Opópónà Breadfruit ni a ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́bàá Ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul. Ariwo ọjà kò jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀, àwọn alábàárù sì ń ké pé kí a yà lọ́nà. Ní ilé ẹ̀kọ́ Breadfruit, ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 1891, ni Blyden ti bá àwọn ọmọ Èkó sọ̀rọ̀ pé kí aláwọ̀ dúdú ní ìjọ tirẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi dá ìjọ United Native African sílẹ̀. Ó yẹ kí àwa tí à ń fi ìlù wa yin Ọlọ́run lónìí máa rántí wọn.

Blyden kì í ṣe ọmọ Èkó. Erékùṣù St. Thomas ní West Indies ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1832. Júù ni aládùúgbò àwọn òbí rẹ̀, àwọn ọmọ Júù ni ó sì ń bá ṣeré. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni sínágọ́gù wọn wà; iyanrìn ni wọ́n tẹ́ sí ilẹ̀ inú rẹ̀ títí di òní. Ní Ọjọ́ Ètùtù, èyí tí a kà nípa rẹ̀ nínú Léfítíkù orí 16, Blyden àti àwọn ọmọ onígbàgbọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ a lọ dúró níbi tó ga lókè sínágọ́gù náà, wọn a máa wo àwọn olùjọsìn nísàlẹ̀. Wọn a dákẹ́ rọ́rọ́. Ó kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ìbẹ̀rù ọ̀wọ̀ tó mú òun níbẹ̀ kò fi òun sílẹ̀ mọ́.

Láti Breadfruit a yà sí Opópónà Martins, níbi tí Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey wà. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé ìwé ìròyìn ìjọ dé ibẹ̀! Mohammed Shitta, ọmọ Sàró, ni ó fi owó rẹ̀ kọ́ ọ. João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1894 tí wọ́n ṣí i, Gómìnà Gilbert Carter wà níbẹ̀, Ọba Oyèkàn Kìíní wà níbẹ̀, Blyden náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn onígbàgbọ́ ńláńlá bíi J. P. L. Davies àti Otunba Payne. Wọn kò torí bẹ́ẹ̀ di Mùsùlùmí. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ irú èyí dáadáa: nínú agbo ilé kan náà, ẹ̀gbọ́n jẹ́ Àlàájì, àbúrò jẹ́ díákónì, ẹran Iléyá ń kárí ilé, ìrẹsì Kérésìmesì náà ń kárí.

Ọdún 1898 ni Blyden tẹ ìwé kékeré kan jáde ní Liverpool, The Jewish Question. Ariwo Dreyfus ń mi ilẹ̀ Faransé tìtì nígbà náà, ọ̀gá ológun tó jẹ́ Júù, tí wọ́n fi ẹ̀sùn èké dá lẹ́bi ní 1894. Blyden mọ bí ó ti ń rí kí a kórìíra ènìyàn láìṣẹ̀: ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù ní Amẹ́ríkà ti kọ̀ ọ́ ní 1850 nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ìyà tó jẹ Júù àti ìyà tó jẹ aláwọ̀ dúdú jọra.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Láti ayé àwọn bàbá wa, ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, àwọn ọmọdé Èkó àti ti ìlú Yorùbá mìíràn a máa fi àkísà ṣe ère Júdásì, wọn a wọ́ ọ káàkiri àdúgbò, wọn a máa nà án. Eré ni lójú wọn. Ọ̀pọ̀ wọn kò rí Júù rí. Ṣùgbọ́n ní ìlú Pruchnik ní Pólàǹdì, ní oṣù kẹrin ọdún 2019, wọ́n ṣe imú ńlá àti irun Júù sí irú ère bẹ́ẹ̀ lára kí àwọn ọmọ tó lù ú. Ìjọ Kátólíìkì ilẹ̀ náà bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Nínú eré Àjíǹde tiwa pàápàá, "àwọn Júù" ni a sábà ń pe àwọn tó ń na Jésù. Ọmọ ogun Róòmù ni ó nà án. Màríà tó ń sunkún ńkọ́? Júù ni. Pétérù? Júù ni. Jésù fúnra rẹ̀, a kọ ọ́ ní ilà ní ọjọ́ kẹjọ, sínágọ́gù ni ó sì ń lọ ní ọjọ́ ìsinmi. Ẹ ka Róòmù orí 11, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti kìlọ̀ fún ẹ̀ka igi ólífì igbó tí a lọ́ mọ́ igi rere, pé kí ó má ṣe fọ́nnu.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìgbà láéláé. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 2025, ní Ọjọ́ Ètùtù gan-an, ọkùnrin kan kọlu sínágọ́gù Heaton Park ní Manchester. Olùjọsìn méjì kú. Àwa tí a gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis, Ọ̀wọ̀, ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì ọdún 2022, mọ ohun tí ó jẹ́ kí ènìyàn jáde nílé lọ jọ́sìn kí ó má padà wálé. Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé Manchester, ẹ kí àwọn aládùúgbò yín wọ̀nyẹn. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìwé eré Àjíǹde yẹn wò, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ pé Júù ni Màríà.

Freetown ni Blyden kú sí ní oṣù kejì ọdún 1912. Àwọn Mùsùlùmí ni ó gbé pósí rẹ̀ láti ilé rẹ̀ lọ síbi tí àwọn onígbàgbọ́ ti ṣe ìsìn ìkẹyìn fún un.