Orúkọ Àbísọ Oògùn

Ẹni tí ó bá ń gbé ní orílẹ̀-èdè yìí láti ọdún 2023, tí kò sì ní aláìsàn nílé, kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ orí rẹ̀. Gbogbo nǹkan ni ó gbówó lórí, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí apá rẹ̀ kò ká ẹran lè jẹ ẹ̀fọ́, ẹni tí kò rí owó ọkọ̀ san lè fi ẹsẹ̀ rìn. Kí ni a ó fi rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni ìjọba fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, dọ́là kan tí báńkì ń ṣẹ́ ní iye tí kò tó ₦500 sì ti lé ní ₦1,500 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Oògùn tí a ṣe ní Ìkẹjà tàbí ní Ọ̀tà pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀, nítorí láti Íńdíà àti Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ èròjà wọn ti ń wọkọ̀ bọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 kan náà ni ilé-iṣẹ́ GSK kéde pé àwọn ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà, ni Ventolin tí àwọn oníkọ́ fée ń fà sẹ́nu, àti Augmentin, bá di ohun à-wá-kiri.

Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi. Owó ìfẹ̀yìntì wọn kò dàgbà, owó oògùn wọn ń dàgbà ní tirẹ̀. Èmi ni mo ń rà á fún wọn láti Ìbàdàn. Nígbà tí mo lọ sílé ní ìsinmi kan, mo ka hóró tí ó kù nínú káàdì, mo rí i pé ó ju iye tí ó yẹ kí ó kù lọ. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní, "Mo ń lò ó lónìí, kí ara sì sinmi lọ́la." Bàbá tí ó fi ọdún 35 na ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé ó fo ìlà kan nínú iṣẹ́ rẹ̀! N kò lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sinmi ní tirẹ̀, rọpá-rọsẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ń dúró.

Ìyá kan ní àdúgbò wa tilẹ̀ ń fi ọ̀bẹ gé tiwọn sí méjì kí ó lè pẹ́ lọ́wọ́. Irú èyí tí a ṣe kí ó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni. Bí ọ̀bẹ bá ti kàn án, agbára rẹ̀ lè tú sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Obìnrin apòògùn kan ni ó là mí lójú. Mo na ìwé tí dókítà kọ sí i, mo ní kí ó bá mi ṣírò ti oṣù kan. Ó wo ìwé, ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé orúkọ ni ẹ fẹ́ rà ni, àbí oògùn?" Norvasc ni dókítà kọ. Ó yí páálí rẹ̀ sí mi, ó fi èékánná tọ́ka sí àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí ó wà lábẹ́ orúkọ ńlá náà: amlodipine. Èyí ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Norvasc ni orúkọ tí ilé-iṣẹ́ Pfizer tí ó kọ́kọ́ ṣe é fi tà á. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ṣe oògùn a máa ní ẹ̀tọ́ láti dá nìkan ṣe é fún iye ọdún kan. Bí ọdún náà bá ti pé, ẹlòmíràn lè ṣe é, kí ó sì sọ ọ́ ní orúkọ tí ó wù ú. Ti amlodipine ti pé tipẹ́. Salbutamol ni orúkọ àbísọ Ventolin. Augmentin sì ni amoxicillin tí a pò mọ́ clavulanic acid. Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwa kò wo ilé kankan, orúkọ ọjà ni a há sórí.

Ó gbé páálí mẹ́ta kalẹ̀ síwájú mi, gbogbo wọn 5mg. Owó wọn kò sún mọ́ ara wọn rárá.

Ẹ má ṣe rò pé mo ní kí a máa sáré lọ sí ibikíbi tí oògùn bá ti dínwó. Ayédèrú wà, ó sì ń pani. Nítorí rẹ̀ ni NAFDAC ṣe ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa ní oṣù kejì ọdún 2025, pẹ̀lú ti Onitsha àti ti Aba. Obìnrin yìí fi nọ́ńbà NAFDAC hàn mí, ó fi ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́ hàn mí, kí ó tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó tún ní àwọn oògùn kan wà, bí ti wárápá, tí a kì í ṣàdédé pààrọ̀ ti ilé-iṣẹ́ kan sí ti òmíràn láìbi dókítà. Irú rẹ̀ kò pọ̀ nígboro. Ohun tí ó dùn mí ni pé nínú gbogbo ìwé tí àwọn dókítà ti kọ fún bàbá mi, n kò rí ẹyọ kan tí orúkọ àbísọ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn láàrin wa, ẹ̀yin ni mo ń bá wí.

Bàbá mi kò gbà wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n ní àwọ̀ rẹ̀ kò jọ ti tẹ́lẹ̀, páálí rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ohun tí owó rẹ̀ kéré, ṣé agbára rẹ̀ kò ní kéré? Mo bẹ nọ́ọ̀sì tí ó ń gbé lẹ́yìn ilé wa kí ó máa bá wọn wọn ẹ̀jẹ̀ ríru náà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ń wálẹ̀, nítorí lójoojúmọ́ ni wọ́n ń lo oògùn nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n inú páálí Norvasc àtijọ́ ni wọ́n ń kó káàdì tuntun sí, èmi kò sì bá wọn jiyàn.