Ìlú tí Àgbá Ọkọ̀ Ogun Dá Sílẹ̀

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ trọ́trọ́ láti Madina lọ sí Abokobi, lẹ́yìn odi Accra ní Gánà, tó jókòó sẹ́bàá wíńdò, á rí i pé ọ̀dàn ni gbogbo agbègbè yìí kí ilé tó gbà á. Koríko ṣì kún àárín àwọn ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí, òkè Akuapem sì nà gbọọrọ níwájú. Òjò ibẹ̀ kéré gan-an sí ti Èkó. Àwọn Ga ní oko káàkiri inú ọ̀dàn náà, àmọ́ etíkun ni ilé wọn.

Ìjà owó orí ló sọ inú koríko di ìlú. Ní 1850, ìjọba Denmark ta odi Christiansborg tó wà ní Osu fún Gẹ̀ẹ́sì ní £10,000. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Gẹ̀ẹ́sì ní kí olúkúlùkù máa san ṣílè kan lọ́dún. Ọ̀nà àti ilé ìwé ni wọ́n ní owó náà wà fún. Nígbà tó yá, àwọn ará Osu kọ̀ jálẹ̀, wọn ò san mọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 1854, ọkọ̀ ogun Scourge dojú àgbá kọ Osu, ó sì yìn ín lu La àti Teshie pẹ̀lú. Ẹni tó bá mọ ohun tí ojú Èkó rí lọ́wọ́ àgbá Gẹ̀ẹ́sì kan náà ní oṣù Kejìlá 1851 kò nílò àlàyé.

Johannes Zimmermann, ajíhìnrere ará Jámánì tí ìjọ Basel rán wá, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn onígbàgbọ́ Osu tó kù, wọ́n forí lé Abokobi. Wọ́n là á bí ìlú, wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn àti ilé ìwé. Salem ni ìjọ Basel máa ń pe àdúgbò onígbàgbọ́ nínú ìlú mìíràn; ní Abokobi, ìlú fúnra rẹ̀ ni Salem.

Orúkọ Zimmermann ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá. Ti ìyàwó rẹ̀ ló wù mí jù. Ilẹ̀ Àǹgólà ni wọ́n ti jí Catherine Mulgrave gbé ní kékeré. Ọkọ̀ ẹrú tó gbé e fọ́ létí Jàmáíkà ní 1833, gómìnà ibẹ̀ gbà á tọ́, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ fún un. Ní 1843 ó bá àwọn ará Jàmáíkà tí ìjọ Basel kó wá gúnlẹ̀ sí Osu, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níwèé. Ní 1851 Zimmermann fẹ́ ẹ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Basel, inú wọn kò sì dùn rárá. Ọkùnrin yìí ló kọ gírámà èdè Ga jáde ní 1858. Bíbélì Ga pé ní 1866, ọdún méjìdínlógún ṣáájú ti àwa Yorùbá. Wọ́n lè fi gbogbo ìyìn fún ọkọ. Èmi ò rò pé ilé tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ti ń dáná, ọkọ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ní 2004, ìjọba pín àgbègbè Ga, wọ́n sì fi Abokobi ṣe olú ìlú Ga East. Madina wà lábẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò Madina lè gbé Abokobi mì. Ọdún mẹ́jọ kọjá kí Madina tó gba àgbègbè tirẹ̀. Àlejò ló dá Madina náà sílẹ̀: Alhaji Seidu Kardo gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn La ní 1959, Hausa, Ewe àti Yorùbá sì bá a kọ́lé. Ní oṣù Kọkànlá 1969, Busia, olórí ìjọba Gánà, fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọ̀pọ̀ àwọn tiwa ta ilé ní ọ̀pọ̀, àwọn mìíràn kan ti ilẹ̀kùn pa ni.

Lẹ́tà àwọn ará Abokobi wà ní Basel dòní, ẹni tó bá fẹ́ kà á lè kà á. Ta ló kọ ti àwa Yorùbá Madina? Bàbá onílé mi ni mo bi. Bàbá dúró lẹ́nu géètì, wọ́n ń nàka sí àwọn ilé: èyí, ará Ọ̀fà ló kọ́ ọ, ìyẹn, Ògbómọ̀ṣọ́, tọ̀hún tó ní kànga, ará Ṣakí. Nígbà tí mo mú bírò jáde, wọ́n ní kí n má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni o, ẹjọ́ ilẹ̀ méjì nínú mẹ́ta ọ̀hún ṣì wà ní kóòtù.