Ìdọ̀tí ojú kámẹ́rà kọ́ ló ń ba fọ́tò jẹ́

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Àmọ́ bí a bá gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ onífọ́tò, ó ní ibi tí ó mọ. Ihò tí onífọ́tò ń fi ojú yọ wo ènìyàn nínú kámẹ́rà lè dọ̀tí gidigidi, kí fọ́tò tí yóò yà sì mọ́ rekete. Ó yẹ kí àwọn ọmọ Yorùbá tí òbí wọn fi iṣẹ́ fọ́tò tọ́ dàgbà mọ èyí dájú, pàápàá àwọn tí wọ́n wà ní Bouaké, ìlú ńlá tí ó wà láàrin gbùngbùn ilẹ̀ Côte d'Ivoire.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ti ń rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ náà, àwọn ará Èjìgbò ni òkìkí wọn sì kàn jù. Bí àwọn kan ti ń tajà lọ́jà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn. Jean-François Werner, onímọ̀ ará Faransé tí ó ṣèwádìí nípa àwọn onífọ́tò Bouaké lẹ́yìn ọdún 1990, jẹ́rìí sí i pé Yorùbá pọ̀ láàrin wọn. Fọ́tò káàdì ìdánimọ̀, fọ́tò ìgbéyàwó, fọ́tò ìkómọjáde, ọ̀dọ̀ wọn ni. Nígbà tí ó yá, ẹ̀rọ tí ń fọ fọ́tò aláwọ̀ mèremère kíákíá dé, ó sì gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn tí ń fọ tiwọn nínú yàrá òkùnkùn. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, Bouaké di ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kó ẹrù wọn sá. Lẹ́yìn náà ni fóònù oníkámẹ́rà wọ́pọ̀, tí olúkúlùkù di onífọ́tò ara rẹ̀.

Ohun tí ó wá kù ní àwọn ilé kan ni kámẹ́rà bàbá. Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ onífọ́tò kan tí ń gbé ní àdúgbò Kennedy, ní Bouaké níbẹ̀, ṣe àpẹẹrẹ. Ó gbé kámẹ́rà náà sílẹ̀ láti orí àjà, ó gbé e sójú, ó rí ẹ̀gbin dúdú, irun wẹ́wẹ́ àti eruku ọyẹ́. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ó rò pé ohun tí bàbá òun fi bọ́ òun ti kú. Ó wá aṣọ, ó tu itọ́ sí i, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Kí ó dáwọ́ dúró ná!

Nínú kámẹ́rà bíi Pentax K1000, tí ó jáde ní ọdún 1976, ìmọ́lẹ̀ á gba lẹ́ǹsì wọlé, á kọlu dígí kan tí ó dagun. Dígí náà á sọ ọ́ sókè sára awo fẹ́lẹ́ kan, dígí onígun márùn-ún tí ó wà lókè á sì darí rẹ̀ wá sójú ẹni tí ń wò. Bí onífọ́tò bá tẹ bọ́tìnnì, dígí àkọ́kọ́ yẹn á fò sókè, ìmọ́lẹ̀ á sì lọ tààrà sára fíìmù. Ẹ̀gbin tí ó wà lára awo náà kò sí lójú ọ̀nà rárá. Ti Rolleiflex àti Yashica-Mat, tí à ń tẹrí ba wò láti òkè, tún hàn gbangba jù bẹ́ẹ̀ lọ: lẹ́ǹsì méjì ni ó ní, ọ̀kan fún ojú, ọ̀kan fún fíìmù.

Níbo wá ni ẹ̀gbin náà ti wá? Ọyẹ́ kó díẹ̀ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Èyí tí ó dúdú tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, fóòmù ni sábà. Fóòmù tín-ín-rín ni wọ́n fi sí ibi tí dígí ń fò lọ kọlù. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ooru àti ọ̀rinrin á sọ ọ́ di ohun tí ó rí bí ọ̀dà, á sì máa rún wálẹ̀. Ẹni tí ó mọṣẹ́ kì í fi aṣọ nu dígí inú kámẹ́rà, nítorí pé ojú rẹ̀ níta ni ohun tí ń dán wà, kì í ṣe ẹ̀yìn bíi ti dígí tí a fi ń wojú. Bí a bá fi agbára nù ún, ó họ nìyẹn. Awo náà, ike rírọ̀ ni nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà. Ọtí líle tàbí bẹntiróòlù lè bà á jẹ́ pátápátá. Ẹnu kọ́ ni a fi ń fẹ́ ẹ, nítorí itọ́. Ṣe ni onímọ̀ yóò yọ lẹ́ǹsì, tí yóò dojú kámẹ́rà délẹ̀, tí yóò sì fi rọ́bà tí ó jọ èyí tí àwọn ìyálọ́mọ fi ń fa ikun imú ọmọ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Èyí tí kò bá jáde, kí ó fi í sílẹ̀, tàbí kí ó gbé e lọ fún ẹni tí ń tún kámẹ́rà ṣe.

Ibi tí ó yẹ kí ọmọ náà sáré lọ ni ìdí páálí tí nẹ́gétíìfù bàbá rẹ̀ wà. Ẹ̀gbin tí ó bá dé ibẹ̀ ti dé inú fọ́tò. Ọ̀rinrin á mú kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n á bu bí búrẹ́dì ṣe ń bu, ikán àti èkúté á sì parí ìyókù. Oníbàárà ló gba fọ́tò lọ sílé. Ọ̀dọ̀ onífọ́tò ni nẹ́gétíìfù máa ń kù sí. Bí iná tàbí ogun bá wọ ilé oníbàárà, inú páálí yẹn nìkan ni ojú òkú rẹ̀ kù sí.

Yorùbá kò fi fọ́tò ṣeré rí. Ní ọdún 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ ohun tí ó rí ní Ìlá Ọ̀ràngún sílẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tí ó wà láàyè, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Nẹ́gétíìfù ló jẹ́ kí irú ìtùnú bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe fún ìyá wọn.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó jogún irú páálí bẹ́ẹ̀ gbé e kúrò nílẹ̀, síbi tí ó gbẹ. Kí ó fi ìwé funfun pín wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó máa di etí wọn mú, kí ó má fọwọ́ kan àárín. Lẹ́yìn náà, kí ó wá àgbàlagbà kan tí ó ṣì mọ àwọn ojú náà, kí ó sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ bí onítọ̀hún ti ń pè é. Eruku inú kámẹ́rà lè dúró di ọdún tí ń bọ̀. Àgbàlagbà yẹn lè má dúró.